Ẹ Yé Dárò Ohun Tí Ẹ Kò Rà

Ó ti sú mi! Mo tún ti rí ẹni tó ń dárò Guitar Player, ìwé ìròyìn onígìtá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1967, tí wọ́n sì dẹ́kun títẹ̀ ẹ́ jáde lórí ìwé ní 2024. Nígbà tó wà láàyè, ta ló ń rà á? Ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fa ìlà fún okùn gìtá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tí wọn á kọ nọ́ńbà sórí ìlà kọ̀ọ̀kan kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ ibi tí yóò fi ìka tẹ̀. Owó rẹ̀ wọ́n lójú yín, àbí? Ẹ̀yin yìí kan náà lẹ wá ń fi owó tó tó kọ́lé ra Les Paul, gìtá oníná tí ilé-iṣẹ́ Gibson ṣe lọ́dún 1959, tí ẹ tì í mọ́nú àpótí! Èyí tó burú jù ni gìtá tuntun tí wọ́n ń dìídì họ ọ̀dà ara rẹ̀, tí wọ́n ń mú kí irin rẹ̀ dípẹtà kó lè jọ ti àtijọ́, tí wọ́n sì ń gba owó gọbọi lé e. Ṣé àpá ló ń dún ni? Ẹ gbé gìtá jáde kí ẹ fi kọrin, tàbí kí ẹ dákẹ́!