Kí A Fi Ẹ̀kọ́ Marx Ṣe Ìwádìí, Kí A Má Fi Ṣe Ẹ̀sìn

Nínú àríyànjiyàn lórí ohun tí ó yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ gíga máa fi kọ́ni nípa ìdí tí àwùjọ fi ń yí padà, ẹ̀kọ́ kan wà tí kì í pẹ́ dá ìjà sílẹ̀, ìyẹn dialectical materialism, ẹ̀kọ́ tí ó tinú iṣẹ́ Marx jáde, tí ó ní ìtakora nínú ọ̀nà tí a ń gbà ṣiṣẹ́ jẹun ni ó ń yí àwùjọ padà. Àwọn kan fẹ́ kí a yọ ọ́ kúrò pátápátá nítorí ìwà tí àwọn ìjọba kan hù ní orúkọ rẹ̀. Àwọn mìíràn ń kà á lórí bí ìwé mímọ́. Tọ̀tún tòsì wọn ni ó ṣàṣìṣe, nítorí pé kò sí èyí tí ó fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dán ẹ̀kọ́ náà wò.

Gbòǹgbò rẹ̀ kò ṣòro. Hegel, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Jámánì, ni ó kọ́ni pé ìtakora tí ó wà nínú nǹkan ni ó ń tì í síwájú, ṣùgbọ́n inú èrò ni ó ti rí ìtakora náà. Karl Marx àti Friedrich Engels gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì gbé e wá sídìí iṣẹ́ oòjọ́: ta ni ó ni ilẹ̀ àti ẹ̀rọ, ta ni ó ń fi wọ́n ṣiṣẹ́, ta ni ó ń kó èrè lọ? Níbi ìsìnkú Marx ní 1883, Engels sọ pé ènìyàn gbọ́dọ̀ jẹ, kí ó mu, kí ó rí ibùgbé àti aṣọ, kí ó tó lè bọ́ sídìí òṣèlú, ìmọ̀ tàbí ẹ̀sìn. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé bí ebi bá wọnú, ọ̀rọ̀ mìíràn kì í wọ̀ ọ́, kò ní bá a jiyàn.

Ọ̀rọ̀ wákàtí iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀kọ́ náà ti fi agbára rẹ̀ hàn jù lọ. Ní 1847, òfin jáde pé àwọn obìnrin àti ọ̀dọ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 10 lọ lóòjọ́. Kí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ni ilé iṣẹ́ ṣe? Wọ́n ń mú òṣìṣẹ́ wọlé, wọ́n ń tú wọn síta, wọ́n tún ń pè wọ́n padà, láti agogo márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀ títí di agogo mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́, débi pé alábẹ̀wò ìjọba kò lè mọ iye wákàtí tí ẹnì kan ti ṣe. Ilé ẹjọ́ gbè sẹ́yìn àwọn tí ó ni ilé iṣẹ́ ní 1850. Inú àwọn òṣìṣẹ́ ru, òfin mìíràn sì jáde lọ́dún náà tí ó fi òpin sí ọgbọ́n yẹn, ṣùgbọ́n tí ó fi ààbọ̀ wákàtí kún iṣẹ́ oòjọ́. Inú ìròyìn àwọn alábẹ̀wò wọ̀nyí ni Marx ti kó ẹ̀rí jọ. Ìwàásù kò yí ọkàn àwọn olówó wọ̀nyẹn. Ìjà lórí wákàtí ni ó bí òfin.

Síbẹ̀, John Fielden tí ó gbé àbá òfin 1847 wá, òun fúnra rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ òwú. Èyí kò ba ẹ̀kọ́ náà jẹ́, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ẹ̀rí ọkàn náà níṣẹ́ tirẹ̀ láti ṣe. Engels kọ̀wé ní 1890 pé ẹni tí ó bá sọ pé ọrọ̀ ajé nìkan ṣoṣo ni ó ń pinnu ohun gbogbo ti sọ ọ̀rọ̀ òun àti Marx di asán.

Àwọn aláṣẹ Sófíẹ́ètì kò gba ìkìlọ̀ yẹn. Wọ́n sọ ẹ̀kọ́ yìí di òṣùwọ̀n tí a fi ń dá onímọ̀ lẹ́jọ́. Ní 1948, àwọn ọmọlẹ́yìn Lysenko, onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ kan ní Sófíẹ́ètì, dá ìmọ̀ jẹ̀nẹ́tíìsì (ìmọ̀ nípa bí ọmọ ṣe ń jogún àbùdá òbí) lẹ́bi pé ìmọ̀ àwọn olówó ni, ọ̀pọ̀ olùwádìí sì pàdánù iṣẹ́. Nikolai Vavilov, onímọ̀ jẹ̀nẹ́tíìsì ará Sófíẹ́ètì tí ó ti kó irúgbìn jọ láti ilẹ̀ púpọ̀ ní ayé, ti kú sẹ́wọ̀n ní 1943. Ó dùn wá pé ẹ̀kọ́ tí ó ní kí a lọ wo bí nǹkan ṣe rí gan-an ni a fi di ojú àwọn tí ń wò ó.

Nítorí náà, a ń rọ àwọn tí ń ṣètò ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n má yọ ọ́ kúrò. Kí wọ́n gbé ìròyìn àwọn alábẹ̀wò náà síwájú akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ Fielden àti ti Vavilov tì í, kí ẹni tí ó bá fi ẹ̀rí tako Marx nínú ìdánwò sì lè gba máàkì bíi ti ẹni tí ó fi ẹ̀rí gbè é.