Ẹ yéé fi Amẹ́ríkà nà wá

Ọjọ́ kẹrin oṣù Keje, ọjọ́ òmìnira Amẹ́ríkà, tún dé, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀. Kí n tó jí, arákùnrin kan ti gbé e sórí WhatsApp ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa: Amẹ́ríkà jagun gba òmìnira tiwọn lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo wọn fìmọ̀ ṣọ̀kan, ìdí nìyẹn tí nǹkan wọn fi tò. Tiwa, inú àwo ni òyìnbó bù ú sí fún wa, ni a ò ṣe mọ iyì rẹ̀. Èèyàn 21 ti na àtàǹpàkò sí i. Mo kọ èsì, mo pa á rẹ́, mo tún kọ ọ́. Nígbà tó gùn jù, mo gbé e wá síbí.

Wọ́n fìmọ̀ ṣọ̀kan kẹ̀? Ilẹ̀ 13 ni wọ́n, olúkúlùkù ló ń ṣọ́ ẹnìkejì. Ìwé àdéhùn tí wọ́n kọ́kọ́ fi so ara wọn pọ̀, ọdún 1781 ni wọ́n tó fọwọ́ sí i tán, ogun ti ń lọ láti 1775. Ìjọba tí ìwé yẹn gbé kalẹ̀ kò lágbára láti gba owó orí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń tọrọ ni, ẹni tó bá wù a fún un. Massachusetts tí wọ́n ti da tíì sómi ní Boston ní 1773 nítorí owó orí Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ kan náà ni àwọn àgbẹ̀ ti gbébọn ní 1786 nítorí gbèsè àti owó orí tí àwọn èèyàn tiwọn fúnra wọn bù fún wọn. Nígbà tí wọ́n péjọ sí Philadelphia ní 1787 láti kọ òfin mìíràn, Rhode Island ò rán ẹnì kankan lọ. Oṣù Karùn-ún 1790 ló tó gbà, George Washington, ààrẹ wọn àkọ́kọ́, ti lo ọdún kan lórí àga. Wọn ò sì dá jà, ọkọ̀ ogun Faransé ló dí omi mọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Yorktown, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti túúbá. Ẹ má pè mí ní ọ̀tá Amẹ́ríkà o, ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun.

Àmọ́ kì í ṣe ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń dirun ní Maryland. Lọ́dún tí wọ́n fẹ́ gba ìwé ọmọ ìlú, ìbéèrè 100 ni wọ́n ní kí wọ́n kọ́. Èmi ni mò ń kà á sí wọn létí ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á fi eyín mú òòyà, wọ́n á máa dirun lọ, wọ́n á máa dáhùn láàárín eyín. Èyí tó máa ń bọ́ lórí wọn ni ìdí tí àwọn èèyàn yẹn fi bá Gẹ̀ẹ́sì jà. Wọ́n ń san owó orí, wọn ò sì lẹ́nì kan tó ń ṣojú wọn nílé aṣòfin, bẹ́ẹ̀ ni ìdáhùn ṣe lọ. Lónìí wọ́n á gbà á, lọ́la ó ti sálọ. Mo wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Àgbẹ̀kọ̀yà ni." Òòyà já bọ́ lẹ́nu wọn. "Òkè mẹ́fà là ó san!" Orin àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wa tó bá ìjọba jà nítorí owó orí nìyẹn. Wọn ò gbàgbé mọ́.

Lọ́jọ́ kan mo kan ìbéèrè pé àwọn wo ni wọ́n kó wá sí Amẹ́ríkà tí wọ́n tà lẹ́rú. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi dúró lórí irun. "Ṣé kí n sọ fún wọn pé àwa ni?" Oníbàárà tó jókòó, obìnrin adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, bi mí pé kí la rí. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ó bi mí pé kí ni ìwé yẹn sọ pé àwọn tí wọ́n tà náà ṣe nígbà ogun. Mo wò ó síwá, mo wò ó sẹ́yìn, kò sí i níbẹ̀. Ó ní kí n lọ wá Harry Washington.

Mo wá a. Ẹrú George Washington ni. Lóṣù Kọkànlá 1775, gómìnà ọba ní Virginia, Dunmore, kéde pé bí ọ̀gá ẹrú kan bá jẹ́ ọlọ̀tẹ̀, tí ẹrú náà bá wá jà fún ọba, ó ti dòmìnira. (Òun náà lẹ́rú nílé o. Ogun ló fẹ́ borí.) Harry sá lọ bá wọn ní 1776, ọdún tí ọ̀gá rẹ̀ àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pariwo òmìnira. Nígbà tógun parí ní 1783, Washington ní kí Gẹ̀ẹ́sì dá àwọn ẹrú padà, ọ̀gágun wọn kọ̀. Wọ́n kọ orúkọ àwọn tó ń lọ sínú ìwé ní New York, wọ́n tó 3,000. Harry, ẹni ọdún 43, ó ti kúrò lọ́dọ̀ Washington láti ọdún 7.

Nova Scotia, ní Kánádà, ni wọ́n kó wọn lọ, sínú òtútù àti ilẹ̀ òkúta. Ní 1792, nǹkan bí 1,200 nínú wọn wọkọ̀ lọ sí Sierra Leone, wọ́n tẹ Freetown dó. Ìlú yẹn náà ni wọ́n gbé ọmọ Òṣoògùn kan sọ̀kalẹ̀ sí ní 1822, tó kàwé níbẹ̀, tó wá di Àjàyí Crowther. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi àmì sórí Yorùbá lónìí, ẹ jẹ gbèsè díẹ̀.

Ibi tó ká mi lára nìyí. Iléeṣẹ́ òyìnbó tó ń ṣàkóso Freetown ní kí wọ́n máa san owó ilẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò san. Ní 1800 wọ́n dìde, ìjọba fi ṣọ́jà tẹ̀ wọ́n rì, wọ́n sì lé Harry lọ sí òdìkejì odò. Ohun tó sọ ọ̀gá rẹ̀ di bàbá orílẹ̀-èdè ló sọ òun di ọlọ̀tẹ̀. Ọ̀gá yẹn náà, ní 1794, ti kó ọmọ ogun bí 13,000 jáde lọ bá àwọn àgbẹ̀ Pennsylvania tí wọn ò fẹ́ san owó orí ọtí.

Mo fẹ́ sọ gbogbo èyí fún ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ tí wọ́n búra. Àsíá kékeré wà lọ́wọ́ wọn, omi ń bọ́ lójú wọn, wọ́n ní kí n ya àwọn dáadáa kí wọ́n lè fi ránṣẹ́ sílé. Mo ya fọ́tò.

Fọ́ọ̀mù tèmi wà lórí tábìlì báyìí. Mo ti kún un dé ibi tí wọ́n ti bèèrè bóyá mo ṣe tán láti gbé ohun ìjà fún Amẹ́ríkà bí òfin bá ní kí n gbé e. Bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ wà níbẹ̀. Ó di ọjọ́ kẹta lónìí, mi ò tíì fàlà sí ọ̀kankan.