A Kì Í Gbìmọ̀ràn Ká Yọ Ti Ẹsẹ̀ Sílẹ̀

Àwọn babaláwo máa ń pa ìtàn kan. Wọ́n ní lọ́jọ́ kan, gbogbo Orí sa ara wọn jọ, wọ́n ń gbìmọ̀ràn, wọn kò sì pe Ẹsẹ̀ sí i. Lójú tiwọn, kí ni Ẹsẹ̀ fẹ́ wá sọ níbi tí Orí bá wà? Èṣù wò wọ́n títí, ó ní wọn ò pe Ẹsẹ̀ sí i, òun á wo bí ìmọ̀ràn wọn yóò ṣe gún. Ìjà ni wọ́n fi tú ká lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí wọ́n ránṣẹ́ pe Ẹsẹ̀, tí òun náà dé, tó jókòó, ni ọ̀rọ̀ wọn tó lójú. Ibẹ̀ la ti ń wí pé a kì í gbìmọ̀ràn ká yọ ti ẹsẹ̀ sílẹ̀.

Orí ni ohun tí a kúnlẹ̀ yàn kí a tó wáyé. Ẹsẹ̀ ni ìrìn, òun ni làálàá, òun ni kí á jí ní kùtùkùtù kí á tún padà síbi tí a lọ lánàá. Nínú gbogbo iṣẹ́ ọmọ aráyé, n kò mọ èyí tí òwe yìí bá mu tó eré ìdárayá, nítorí ẹsẹ̀ tibẹ̀ kì í ṣe àfiwé, ẹsẹ̀ gidi ni. Síbẹ̀, ibẹ̀ gan-an la ti ń yọ ẹsẹ̀ sílẹ̀ jù. Ẹ dé ibi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé. Bí ọmọ kan bá gbá bọ́ọ̀lù tó wọlé bí ọfà, ohun tí ẹ ó gbọ́ ni, "Ó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀!" "Wọ́n bí i mọ́ ọn ni!" Orí nìkan la máa ń kí.

Èmi ò sọ pé orí ò sí o. Ọmọ Yorùbá wo ló máa sọ bẹ́ẹ̀? Àmọ́ orí inú kò ṣeé fi ojú rí. Bàbá ọmọ ò rí i, olùkọ́ ò rí i, ọmọ fúnra rẹ̀ ò rí i. Ẹsẹ̀ ló ń rìn ín jáde síta. Ẹni tí kò bá tíì jẹ́ kí ẹsẹ̀ rìn, kò ní ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ tó fi lè sọ irú orí tí ọmọ yàn, ìbáà ṣe rere, ìbáà ṣe òdìkejì.

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì wa nílé ẹ̀kọ́ girama tí a ń pè ní Ìjì. Kò ní bàtà eré, kì í wá síbi ìgbaradì, síbẹ̀ bó bá ti gbéra ní 100 mítà, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan la máa ń rí. Lọ́jọ́ ìdíje ilé-sí-ilé, àwọn olùkọ́ á gbé e sọ́rùn, àwọn ìyá tó ń ta ẹ̀wà ní ẹnu géètì á bù ú fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Bí àwa yòókù bá ń sáré yí pápá ká ní ìrọ̀lẹ́, abẹ́ igi máńgòrò ló máa ń jókòó sí. Olùkọ́ tó ń mójú tó eré kì í bá a wí. Ó ní kí á fi í sílẹ̀, pé ta ló ń kọ́ ẹja ní odò wíwẹ̀?

Wọ́n wá mú un lọ sí ìdíje ẹkùn wa. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ rí irin ìfẹsẹ̀tì, èyí tí asáré ń kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, tó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tì kí ìbọn tó dún. Ẹ̀gbẹ́ pápá ni mo dúró sí, mo ń wò ó. Ó wo irin náà. Ó yọ́jú wo ọmọ tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀, bóyá yóò rí bí tọ̀hún ṣe ń fẹsẹ̀ sí i. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì síwájú, ó tún gbé e sẹ́yìn. Ìbọn dún, irin yọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Kó tó nàró, àwọn méje tó kù ti lọ. Ó lé wọn, ó sì kọjá mẹ́rin nínú wọn kí wọ́n tó dé òpin, àfi bí ẹni pé ilẹ̀ ló ń sá lábẹ́ rẹ̀. Ipò kẹrin ló ṣe. Kò sáré mọ́ láti ọjọ́ náà. Ohun tó ń dùn mí títí di òní ni pé kì í ṣe ọ̀lẹ. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé ohun kan wà tí òun kò tíì mọ̀. Oríyìn la fi dí i lójú.

Ipò kẹrin yẹn ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn bí wọ́n bá dárúkọ Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ní ìdíje àgbáyé tó wáyé ní Doha lọ́dún 2019, ipò kẹrin ló ṣe nínú eré 100 mítà họ́dù, eré tí wọ́n ti ń sáré gba orí igi kọjá. Òun fi ìṣẹ́jú àáyá 12.49 sáré, ẹni tó gba idẹ sáré 12.47. Ìdá méjì péré nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ló wà láàárín wọn, èèyàn ò tíì ṣẹ́jú tán tí ìyẹn fi kọjá. Ó lọ sí Òlíḿpíìkì Tokyo lọ́dún 2021, ipò kẹrin náà ni: 12.60, nígbà tí ẹni kẹta sáré 12.55. Bó bá jẹ́ pé orí nìkan la fi ń sáré, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí síbẹ̀. À bá ní ohun tó yàn nìyẹn, ayànmọ́ ò gbóògùn.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wo iwájú bóyá ẹnì kan ń bọ̀ wá gbé e. Àgbà ń wo ẹ̀yìn kó lè mọ ohun tó gbé e ṣubú. Tobi wo ẹ̀yìn. Òun àti kóòṣì rẹ̀, Lacena Golding-Clarke, ọmọ Jàmáíkà tí òun náà ti sá họ́dù rí, padà sídìí iṣẹ́. Ní 24 oṣù Keje 2022, ní Eugene, ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, ó sáré 12.12 ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. Kò sí obìnrin tó sáré bẹ́ẹ̀ rí láyé. 12.20 tí Kendra Harrison fi lélẹ̀ ní London lọ́dún 2016 ló fọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà ó tún jáde wá, ó sáré 12.06. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lẹ́yìn wọn ti pọ̀ ju iye tí òfin gbà, wọn kò lè kọ ìyẹn sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí èyí tó yá jù láyé, ṣùgbọ́n góòlù ni góòlù ń jẹ́. Òun ni góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbà ní ìdíje àgbáyé eré orí pápá láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀.

Kí ló wà nínú họ́dù gan-an? Igi mẹ́wàá ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó sẹ̀ǹtímítà 83.8. Mítà 13 ló wà láti ibi tí wọ́n ti ń gbéra dé igi àkọ́kọ́, mítà 8.5 sì wà láàárín igi kan sí èkejì. Gbogbo wọn, ìṣísẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń gbé láàárín igi méjì. Ẹni tí ìṣísẹ̀ rẹ̀ bá gùn jù á sún mọ́ ìdí igi jù, á gbá a. Kì í sì í ṣe fífò bí àwa tí a ń wò ṣe rò. Ẹni tó bá wà lókè kò rí ilẹ̀ tì, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ títì ni eré. Ohun tí wọ́n ń wá ni bí ẹsẹ̀ iwájú yóò ṣe tètè kanlẹ̀ lódì kejì igi, kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sì má dúró de ẹnikẹ́ni. Kò sí ọmọ tí wọ́n bí ìyẹn mọ́.

Mo máa ń gba ẹ̀gbẹ́ pápá ilé ẹ̀kọ́ kan kọjá láàárọ̀. Ọmọbìnrin kan ń gbaradì níbẹ̀, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ, òun àti kóòṣì rẹ̀, bàbá kan tó máa ń fi táwẹ̀lì kọ́ ọrùn. Ọ̀pá ọparun ni wọ́n gbé lé orí búlọ́ọ̀kù ṣe igi. Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, n kò rí i kó sáré rárá. Ó ń rìn ni. Á rìn dé ìdí igi, á gbé ẹsẹ̀ iwájú kọjá, á ká orúnkún ti ẹ̀yìn sókè sápá ẹ̀gbẹ́, á fà á yípo wá síwájú àyà, á gbé e kalẹ̀. Bàbá á ní, "Tún un ṣe. Orúnkún ni kó ṣáájú." Á padà, á tún un ṣe. Mo sún mọ́ wọn lọ́jọ́ kan láti kí wọn ẹ kú iṣẹ́, mo sì rí kókósẹ̀ rẹ̀ lápá inú: ojú egbò kan wà níbẹ̀ níbi tí ọparun ti ń bó o, tó ti san, tó tún ṣí. Nígbà tó wá di ọjọ́ tó sáré, tó ń gba orí igi kọjá bí ẹyẹ, ọkùnrin kan tó dúró tì mí mi orí, ó ní, "Ẹ̀bùn Ọlọ́run nìyí." Mo ní àmín. Ojú egbò yẹn ni mo sì ń wò.

Ẹ jẹ́ kí n má tàn yín jẹ ṣá, torí àwọn kan ń kọ́ àwọn ọmọ pé kò sí ohun tí ìgbaradì ò lè ṣe. Irọ́ ni. Ní Osaka, nílẹ̀ Japan, lọ́dún 2007, ọmọ Bahamas kan, Donald Thomas, gba góòlù àgbáyé nínú eré fífò sókè. Agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ni. Ọdún tó ṣáájú, 2006, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fò. Ó fo mítà 2.35. Stefan Holm ti Sweden, tó gba góòlù Òlíḿpíìkì ní Athens lọ́dún 2004, tó ti ń fò láti kékeré, ṣe ipò kẹrin pẹ̀lú 2.33. Orí la fi ń mú ẹran láwo, ọmọ Bahamas ti kí ọwọ́ bọ àwo, ó mú ẹran. Kí la fẹ́ wí sí i?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Títí di ọdún 2016, èyí tí Thomas fò tó ga jù lọ jẹ́ mítà 2.37. Ọdún mẹ́sàn-án, sẹ̀ǹtímítà méjì. Kò gba àmì ẹ̀yẹ kankan ní Òlíḿpíìkì. Holm ní tirẹ̀, mítà 1.81 péré ló ga, èyí tó kéré púpọ̀ láàárín àwọn tó ń fò sókè, síbẹ̀ ó fo 2.40 lọ́dún 2005. Ẹ yọ ọ́ kúrò: ó fi sẹ̀ǹtímítà 59 ré kọjá orí ara rẹ̀. Bí mo bá ti rò ó débẹ̀, orí mi máa ń wú.

Ìka ò dọ́gba, kò sí kóòṣì tó lè fa ọmọ gùn. Ọmọ tí eegun rẹ̀ kúrú kò ní torí àdúrà di agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tó ga tó òrùlé. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò sọ pé kó jókòó sílé. Ó lè jẹ́ pé pápá tó wà ni kì í ṣe tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdíje àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà ní Warri lọ́dún 2013, 200 mítà ni Tobi ti gba fàdákà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní Brazzaville, ó gba góòlù họ́dù ní ìdíje gbogbo Áfíríkà. Bí wọ́n bá ti so ó mọ́ 200 mítà nítorí pé fàdákà ti jáde níbẹ̀, ta ni ì bá mọ̀ pé igi ló ń dúró dè é?

Ẹ̀yin kóòṣì àdúgbò, ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó ara yín ra omi fún ọmọ ọlọ́mọ, mo kí yín o. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ máa ṣe àṣetúnṣe àṣìṣe. Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù tẹnísì orí tábìlì lọ́nà àìtọ́ nígbà ẹgbẹ̀rún, ọ̀nà àìtọ́ ló fi ẹgbẹ̀rún ìgbà kọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ Àyàn ni ẹ wò. Kò sẹ́ni tó ń jiyàn pé ìlù wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, síbẹ̀ ìlù kékeré ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fún un, bàbá rẹ̀ á sì dá a dúró ní gbogbo ibi tí ọ̀pá bá ti ṣìnà. Bí ọmọ bá sì ní orúnkún ń dun òun, ẹ jẹ́ kó sinmi. Eegun rẹ̀ ṣì ń dàgbà. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ ẹnu wa ni mo bẹ̀ yín sí. Bí ọmọ bá ti pápá dé tó borí, ẹ má kàn sọ pé ó jọ bàbá rẹ̀. Ẹ bi í pé kí ni kóòṣì ní kó tún ṣe, kó fi hàn yín ní pálọ̀, kẹ́ ẹ sì wò ó tán. Ọmọ tí wọ́n ń bi ní irú ìbéèrè yẹn á mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun náà ní ọlá nínú ilé. Èyí tí wọ́n ní kò lórí eré ńkọ́? Ẹ má tíì gbà. Ẹ bi ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ pé, ó ti mú un rìn tó ìgbà wo?

Ní Òlíḿpíìkì Paris lọ́dún 2024, Tobi Amusan, ẹni tó sáré jù láyé nínú họ́dù, kò dé àṣekágbá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní ó ti tán. Lóṣù Kẹsàn-án 2025, ó padà sí Tokyo, ìlú tó ti ṣe ipò kẹrin, fún ìdíje àgbáyé. 12.29 ló sáré, fàdákà ló gbà, lẹ́yìn ọmọ Switzerland kan, Ditaji Kambundji, tó sáré 12.24. Ní Òlíḿpíìkì Tokyo lọ́dún 2021, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ló gba idẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdá márùn-ún kan náà ló gba góòlù lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Mo fojú inú rí i, tó tún gbé igi jáde sórí pápá láàárọ̀, tó ń wá ìdá márùn-ún náà.