Àtúnṣe lórí àrùn ọpọlọ àwọn agbábọ́ọ̀lù

Ọ̀rọ̀ kan ń tàn kálẹ̀ lórí WhatsApp ní Abẹ́òkúta pé ọjọ́ ogbó lásán ló ń fa àrùn ìgbàgbé tó ń bá àwọn agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ fínra, àti pé ẹgbẹ́ tó gbà wọ́n síṣẹ́ kò ní ẹjọ́ níbẹ̀. Irọ́ ni. Lẹ́yìn tí Jeff Astle, ẹni tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ fún fífi orí kan bọ́ọ̀lù, kú ní ẹni ọdún 59 lọ́dún 2002, òṣìṣẹ́ ìjọba tó wádìí ikú rẹ̀ sọ pé iṣẹ́ tó ṣe ló kó àrùn náà bá a. Ní 2019, Yunifásítì Glasgow yẹ àkọsílẹ̀ agbábọ́ọ̀lù 7,676 ní Scotland wò, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn tí ọjọ́ orí wọn bára mu. Àrùn tó ń ba ọpọlọ jẹ́ pa àwọn agbábọ́ọ̀lù náà ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta àbọ̀ ju àwọn yòókù lọ. Báwo ni yóò ṣe wá jẹ́ ọjọ́ ogbó?

Òótọ́ ni pé agbábọ́ọ̀lù ló yan iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kóòṣì ló ń pàṣẹ iye ìgbà tí yóò fi orí kàn án. Ní Kútọ̀, mo rí ọmọdé kan tó ń dijú pinpin bí kóòṣì ti ń ju bọ́ọ̀lù sí i lórí léraléra; láti 2015 ni Amẹ́ríkà ti ní kí ọmọ ọdún mẹ́wàá sísàlẹ̀ má ṣe é mọ́.