Kọ́sítébù ni kí wọ́n yà sára sítáǹbù náà

Àwa ọmọ bárékè ọlọ́pàá ní ẹgbẹ́ kan lórí WhatsApp, ibẹ̀ ni wọ́n ti bí mi nínú láti ọjọ́ Àìkú. Ẹnìkan dá a lábàá pé kí á kọ̀wé sí ìjọba kí wọ́n ṣe sítáǹbù ìrántí, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà, fún ìtàn ọlọ́pàá Nàìjíríà, kí ó bá 7 oṣù kẹrin, Àyájọ́ Ọlọ́pàá, mu. Àbá náà dùn mọ́ mi. Àfi ìgbà tó gbé àwòrán tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà síbẹ̀: àwọn ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá lọ́tùn-ún lósì, olú-ilé-iṣẹ́ wọn l'Ábùjá láàárín. Kò sí kọ́sítébù, ọlọ́pàá ipò ìsàlẹ̀, kan ṣoṣo níbẹ̀!

Ẹ má sọ fún mi pé ta ló ń kọ lẹ́tà mọ́. Mo mọ̀ pé sítáǹbù tí ọmọ ìsinsìnyí mọ̀ kò ju ₦50 tí báǹkì ń yọ lórí owó tó bá ti tó ₦10,000. Ìyẹn kọ́ lọ̀rọ̀ wà.

Ọlọ́pàá ni bàbá mi. Kọ́sítébù ló wọlé, sájẹ́ńtì ló fi fẹ̀yìn tì. Kì í mutí, kì í lọ òde àríyá, sítáǹbù nìkan ni fàájì rẹ̀. Á rẹ àpò lẹ́tà sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ títí gọ́ọ̀mù á fi jọ̀wọ́, á fi orí abẹ́ rọra ṣí sítáǹbù náà, á sá a sórí ìwé ìròyìn. Lálẹ́ Sátidé, tó bá gbé ìwé ńlá tó ń lẹ̀ wọ́n sí jáde, ó di dandan kí n lọ fọwọ́ kí n tó sún mọ́ ọn.

Ojú ewé kan wà tó máa ń pẹ́ lórí rẹ̀. Sítáǹbù Kánádà ló wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe ní 1973 nígbà tí àwọn ọlọ́pàá ẹlẹ́ṣin wọn, RCMP, pé 100 ọdún. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó lọ kàwé lọ́hùn-ún ló kó o ránṣẹ́. Lára ti sẹ́ńtì 8, ọ̀gá wọn kan, French, ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú máàpù. Lára ti sẹ́ńtì 15, àwọn ọlọ́pàá aláṣọ pupa lórí ẹṣin. Bàbá mi á fìka lé French, á ní, “Ọ̀gá lèyí.” Á wá gbé ìka lọ sórí àwọn ẹlẹ́ṣin. “Wo àwọn wọ̀nyí. Ẹgbẹ́ mi ni wọ́n. Wọn ò kọ orúkọ wọn síbẹ̀, àmọ́ wọ́n fi wọ́n ránṣẹ́ káàkiri ayé.”

Ọkùnrin yìí kan náà ló ń jí nídàájí fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ káàkì tó ti fi sítáàṣì sí, tó ń fi Brasso ra irin bẹ́líìtì títí á fi máa kọ mànà. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni kóńdó rẹ̀ máa ń wà. N kò rí i kó fi na ẹnikẹ́ni rí.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ìtàn. Ní 1861 tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó, ẹ̀ṣọ́ 30 péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ta ló ń dárúkọ àwọn yẹn? Ní 1 oṣù kẹrin 1930, wọ́n pa ọlọ́pàá Àríwá àti ti Gúúsù pọ̀ di ẹyọ kan. Ní 1964, Louis Edet di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀gá àgbà wọn, orúkọ rẹ̀ sì wà lára olú-ilé-iṣẹ́ Àbújá lónìí. Ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ipò ọ̀gá ni Yorùbá fi sọ wọ́n lórúkọ. Ọ̀pá ọwọ́ ẹni tó dúró ní oríta ni a wò tí a fi pè wọ́n ní ọlọ́pàá.

Nígbà tí bàbá mi fẹ̀yìn tì, ẹ̀ẹ̀méje ló lọ sí ọ́fíìsì kan nítorí owó rẹ̀. Akọ̀wé kan ní fáìlì rẹ̀ sọnù, ó tún bi í pé, “Bàbá, ṣé ó dá yín lójú pé ẹ ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá?” Arúgbó tó mú fọ́tò ara rẹ̀ nínú káàkì dání! Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì jáde sínú òjò l'Ábùjá ní 21 oṣù keje 2025, pé kí wọ́n yọ àwọn kúrò nínú ètò owó ìfẹ̀yìntì alájọdá, bàbá mi ti wà nínú ilẹ̀. Ojú rẹ̀ ni mo ń rí lójú gbogbo wọn.

Mo kọ gbogbo èyí sí ẹgbẹ́ wa. Mo ní kọ́sítébù ni kí wọ́n yà, kí ó má gbé ìbọn, kóńdó ni kó mú dání. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan, ọmọ kọ́rípẹ̀là, ló dá mi lóhùn: “Àbúrò, ní 1949 tí àwọn ọlọ́pàá pa awakùsà 21 ní Iva Valley l'Énúgù, òyìnbó ni ọ̀gá wọn lóòótọ́, ṣé òun nìkan ló yìnbọn? Àwọn tó lu ọmọ mi lójú títì ní oṣù kẹwàá 2020, tí eyín rẹ̀ méjì fi yọ, ṣé ọ̀gá ni wọ́n? Bí lẹ́tà bá dé ilé mi pẹ̀lú sítáǹbù yẹn, ẹ ní kí n fi hàn án?”

Mo kọ èsì, mo pa á rẹ́. Mo gbé ìwé bàbá mi jáde, mo ṣí i sí ojú ewé Kánádà. Mo ti sọ pé n kò rí i kó fi kóńdó na ẹnikẹ́ni. Ilé ni mo wà. N kò tẹ̀ lé e dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan rí, kò sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ fún wa.

Mo ṣì fẹ́ kí wọ́n ya kọ́sítébù. Ẹ̀gbọ́n wa ṣì ń retí èsì mi.