Bóòtù Tó Ti Kú, Ẹ Jẹ́ Ó Kú!

Ó tún ti dé o! Tírélà ẹlẹ́rù pákó wọlé sọ́dọ̀ wa l'Ádó, yúbóòtù, ìyẹn bóòtù tó tẹ̀ bíi lẹ́tà U tó so ákísù (irin tó gbé táyà) mọ́ sípíríǹgì, ti dípẹtà, ó gan pa. A ti páìpù gígùn bọ sípánà, kò mì. A da òróró sí i, kò gbọ́. Ìgbà tá a fi iná gáàsì jó o tó pọ́n bí ẹyin iná ló tó tú. Ọlọ́kọ̀ ní kí n fi fáìlì ha eyín rẹ̀, kí n dá a padà!

Kí ló dé gan-an? Irin tó ti fà láti ọjọ́ tí wọ́n ti dè é, tí iná tún ti gba agbára lára rẹ̀, òun ni yóò di ákísù mú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè? Bóòtù tí wọ́n kọ 10.9 sí lórí, àmì pé irin rẹ̀ lágbára gan-an, òun ńkọ́? Bóòtù géètì ni wọ́n á fi rọ́pò rẹ̀! Ṣé ìka tó tọ́ símú kọ́ la fi ń romú ni? Ṣé owó yúbóòtù ló wá ju ẹ̀mí dẹ́rẹ́bà lọ? Ògún Onírè gan-an ò ní gbà fún yín!

Ẹ lọ ra tuntun. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ wá ẹlòmíì tí yóò bá yín dè é.