Ìyá yẹn kì í ṣe àjẹ́

Láti àná ni inú ti ń bí mi.

Ẹja ni mo lọ rà lọ́jà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́. Mo bá àwọn ọmọkùnrin kan tó yí ìyá àgbà ká, wọ́n ní àjẹ́ ni, pé ilẹ̀ ló mọ́ bá a níbi tó ti ń fò lọ. Kí ni ìyá ṣe? Kò mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ó ní òun ń dúró de ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé òun lọ bá ìyá òun. Ẹni tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún!

Bí màmá tó bí màmá mi ṣe ṣe gan-an nìyẹn. Alzheimer, àrùn ọpọlọ tó ń mú kí arúgbó máa gbàgbé nǹkan, ló ṣe é. Á jẹun tán, á ní a febi pa òun. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bi í nípa àwọn tí wọ́n jọ ń ta ẹja nígbà ọmọge, á dárúkọ wọn tán. Apá ọpọlọ tó ń gba ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀, hippocampus, wà lára ibi tó máa ń kọ́kọ́ súnkì. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ti fìdí múlẹ̀ níbòmíràn. Dókítà ará Jámánì, Alois Alzheimer, yẹ ọpọlọ obìnrin kan tó ṣe báyìí wò ní 1906. Ó rí ìdọ̀tí tó dì sáàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, ó rí okùn tínínrín tó lọ́ mọ́ra, tó ta kókó nínú wọn. Amyloid là ń pe ìdọ̀tí yẹn lónìí, tau ni okùn. Acetylcholine, èròjà táwọn sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ síra wọn, á wá máa gbẹ. Oògùn donepezil kì í jẹ́ kí èyí tó ṣẹ́kù tètè tán, ṣùgbọ́n kò lè jí sẹ́ẹ̀lì tó ti kú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ní "ṣebí òun fúnra ẹ̀ ló jẹ́wọ́", ẹ jọ̀ọ́. Màmá wa náà jẹ́wọ́ pé òun lòun pa ọkọ òun. Ọkọ̀ tó dojú dé lórí ọ̀sà ló pa bàbá! Ìbéèrè tí wòlíì kan ń bi í lálaalẹ́ ló ń dá pa dà fún un. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi gbààwẹ̀ fún arúgbó ẹni ọdún 83. Mo wà níbẹ̀, mi ò lanu. Ó ń dùn mí di òní.

Ọmọ-ọmọ ìyá ọjà yẹn sáré dé níkẹyìn, ó mú bàtà ẹsẹ̀ kan dání. Mo fa ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọlọ́kadà, mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún un. Ó fara balẹ̀ gbọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó yé mi. Okùn ta kókó nínú ọpọlọ. Ta ló wá ta á ní kókó?"

Mo ní ọjọ́ ogbó ni. Ó ní ìyá bàbá òun dàgbà ju èyí lọ, kò sì gbàgbé ẹnì kankan títí tó fi kú.

Mi ò rí èsì fún un.